Ẹ Má Ra Ìwé Nationalité fún Ọmọ Tó Fẹ́ Lo Sáà Kan ní Yunifásítì Òkè Òkun

Ìwé ìlàlóye fún àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ licence ní Abidjan

Ìdí tí a fi kọ ọ́

Àwọn òbí ń dé ojú fèrèsé wa pẹ̀lú ìwé nationalité ayédèrú lọ́wọ́. Ẹ̀bá kóòtù ni wọ́n ti bá margouillat, ìyẹn alágàta tó ń ta ìwé, pàdé. Margouillat ní ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Èjìgbò ní Nàìjíríà kò lè gba ọwọ́ yunifásítì lọ sí Yúróòpù, àfi kó kọ́kọ́ ní ìwé pé ọmọ Côte d'Ivoire ni òun. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni owó ọjà tí ìyá kó jọ ní Treichville ṣe ń bá ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ. Ó ń dùn wá gan-an.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ?

Nínú ètò Erasmus+, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń náwó sí láti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí yunifásítì òkè òkun fún ìgbà díẹ̀, ibi tí ọmọ ti forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí yunifásítì rẹ̀ níbí bá ní àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì kan ní Yúróòpù, tí àdéhùn náà kan ẹ̀kọ́ tó ń kọ́, tí ọmọ náà sì ti kọjá ọdún kìíní, ó lè fi orúkọ sílẹ̀. Wọn kò béèrè ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́. Ọmọ tí a bí ní Adjamé, tó ń kọ́ ìtàn ní Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny tàbí sáyẹ́ǹsì ní Nangui Abrogoua, tó sì mú paspọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, ọmọ yunifásítì náà ni, bíi ti ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ, nítorí ibí gan-an ni owó ti ń sọnù: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, kì í ṣe ìwé nationalité.

A mọ ibi tí àṣìgbọ́ náà ti wá. Bourse (owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́) kan wà tí ìjọba Côte d'Ivoire ń fún ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nationalité ṣe pàtàkì fún ìyẹn. Láti ọdún 1972, òfin ilẹ̀ yìí kò ka bíbí síbí nìkan sí ìdí láti di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹni tí òbí jẹ́ ni wọ́n ń wò. Àwọn òbí wa mọ èyí dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Margouillat wá kó bourse ìjọba àti Erasmus+ pọ̀ mọ́ra, ó ń fi ẹ̀rù náà pa owó.

Ìwé ayédèrú kì í kàn ṣe òfo owó lásán. Paspọ́ọ̀tù ń sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni, ìwé kejì nínú fáìlì kan náà ń sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire ni. Ẹni tó ń yẹ físà wò yóò béèrè èwo ni òótọ́. Láti ọwọ́ adájọ́ ní tribunal ni ìwé nationalité gidi ti ń jáde, kò sì ṣòro láti wádìí rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹjọ́.

Owó wo ló yẹ kí ẹ san?

Owó paspọ́ọ̀tù, owó físà níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á, àti owó fọ́tòkọ́pì. Ẹ gba rìsíìtì. Yunifásítì tó gba ọmọ lálejò kò gbọdọ̀ gba owó ẹ̀kọ́ tàbí owó ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta àyè.

Àkókò

Ìdúró ẹ̀kọ́ náà jẹ́ oṣù méjì sí oṣù méjìlá. Kó tó lọ, ọmọ àti yunifásítì méjèèjì yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nípa ohun tí yóò kọ́, kí krédíìtì tó bá mú bọ̀ lè wọ inú 180 tí licence ń béèrè. Ẹni tó lọ láìsí ìwé yìí lè pàdánù odidi sáà. Àdéhùn kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí àjọṣe pẹ̀lú òkè òkun ní yunifásítì rẹ̀ ní kété tó bá ti forúkọ sílẹ̀. Kó ti ní paspọ́ọ̀tù ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pẹ́, paspọ́ọ̀tù ni wọ́n ń dúró dè.

Ọmọ tí kò ní rìnrìn àjò ńkọ́?

Abidjan kò ṣófo. Ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti àwọn ará Switzerland wà ní Adiopodoumé láti ọdún 1951. Igbó Banco wà láàárín ìlú fún ẹni tó ń kọ́ nípa ewéko, Musée des Civilisations sì wà ní Plateau fún ọmọ ìtàn. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, Júlà lọ́jà, Faransé ní kíláàsì, kó lọ kan ilẹ̀kùn Institut de Linguistique Appliquée ní Cocody. Ohun tó kà sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, iṣẹ́ ìwádìí ni níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra ìwé náà

Ẹ má fi sínú fáìlì ọmọ. Ẹ tọ̀ wá wá ká jọ sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ rán ọmọ náà sí wa pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. A kì í gba owó ìmọ̀ràn.