A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Àwọn Olùyọ̀ǹda-Ara-Ẹni Etí Omi Port Harcourt àti Ìjọba Àwaarawa

Ìfáárà
Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìjọba àwaarawa, ìdìbò ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìjọba àwaarawa ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń ka ara wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀
Ní Borokiri àti àyíká rẹ̀ ní ìlú àtijọ́ Port Harcourt, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé etí omi. Ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò inú irà, tí wọ́n ń pè ní chicoco, ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kó jọ di ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Síbẹ̀, ní 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers pinnu láti wó àwọn àdúgbò náà. Wọ́n wó Njemanze ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹwàá, àwọn agbófinró yìnbọn lu àwọn ará Bundu tó ń fẹ̀hónú hàn láìmú ohun ìjà dání. Ní 2014, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda
Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ CMAP, àwọn ará etí omi ya àwòrán-ilẹ̀ àdúgbò wọn fúnra wọn. Àwọn mìíràn kọ́ iṣẹ́ rédíò, wọ́n sì sọ ọ́ ní Chicoco Radio. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ibi tó bá ṣófo lórí àwòrán ìjọba rọrùn láti wó. Ṣùgbọ́n bí ilé, ọjà àti ọ̀nà bá hàn níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ wó o yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè. Àwòrán nìkan kò tó o. Wọ́n ṣì wó Abonnema Wharf ní 2012. Àmọ́ ẹni tó mú ẹ̀rí dání kì í bẹ̀bẹ̀ lásán.

Ẹ̀kọ́ fún wa
Kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní abúlé bá àwọn ará ibẹ̀ jókòó, kí wọ́n jọ ya àwòrán abúlé: kànga tó gbẹ, afárá tó wó, ilé tí ọmọ rẹ̀ kò lọ sílé ẹ̀kọ́. Kí àwòrán náà wà lọ́wọ́ ará abúlé, kó má ṣe wà lọ́wọ́ wa. Òun ni wọn yóò tẹ́ síwájú káńsílọ̀ nígbà tó bá wá tọrọ ìbò.