Láti Nome sí Kotzebue: Bí Ẹ̀rọ DME Ṣe Ń Wọn Ọ̀nà Òfurufú

Ìlú kékeré létí òkun ni Nome àti Kotzebue, ní ìwọ̀-oòrùn Alaska lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò sí títì kankan tó so wọ́n pọ̀. Nǹkan bí kìlómítà 294 ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú wọn, ìyẹn máìlì ojú òkun 159, tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò. Ẹ̀rọ DME wà lára ohun tó ń sọ fún awakọ̀ iye máìlì tó kù.

Apá méjì ni ẹ̀rọ yìí ní: ọ̀kan nínú bàálù, èkejì nílẹ̀. Ti inú bàálù á fi ìgbì rédíò méjì tó tẹ̀lé ara wọn wéréwéré ránṣẹ́ sí ti ilẹ̀. Bí ti ilẹ̀ bá ti gbọ́, á dúró fún ìdá 50 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá fèsì. Ti inú bàálù á ka gbogbo àkókò tó kọjá, á yọ ìdúró yẹn kúrò. Èyí tó kù ni àlọ àti àbọ̀ ìgbì náà. Máìlì ojú òkun kọ̀ọ̀kan ń gba ìdá 12.36 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ní àlọ àti àbọ̀, nítorí náà ìṣirò lásán ló kù.

Ọ̀pọ̀ bàálù ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Kí èsì má baà dàrú, ẹ̀rọ bàálù kọ̀ọ̀kan kì í jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè rẹ̀ dọ́gba. Èsì tó bá àlàfo tirẹ̀ mu nìkan ni yóò kà. Ọgbọ́n ńlá nìyí.

Ìwọ̀n tí DME ń fúnni jẹ́ ti ìdagẹ̀rẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀. Bàálù tó bá wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6,000 gan-an lókè ẹ̀rọ ilẹ̀ yóò ṣì rí máìlì kan lójú ẹ̀rọ, kò ní rí òdo. Ìgbì náà kò sì lè tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ayé ṣe rí roboto. Bàálù tó bá rẹlẹ̀ jù ní Nome kò lè gbọ́ ti Kotzebue rárá.

Láti mọ àkókò tó kù kí bàálù dé, ẹ̀rọ náà á wo bí máìlì ṣe ń dínkù sí, ìyẹn á fún un ní eré tí bàálù fi ń kọjá lókè ilẹ̀. Èyí péye kìkì bí bàálù bá dojú kọ ẹ̀rọ ilẹ̀ tàbí tó kẹ̀yìn sí i tààrà. Láti Nome sí Kotzebue, bàálù kékeré tó ń sá máìlì ojú òkun 150 ní wákàtí yóò lo ìṣẹ́jú 64 bí afẹ́fẹ́ bá parọ́rọ́. Bí afẹ́fẹ́ máìlì 30 bá kọjú sí i, á di ìṣẹ́jú 80. Bí ó bá ń tì í lẹ́yìn, 53. Àṣìṣe ni kí ènìyàn rò pé àbọ̀ yóò san gbèsè àlọ: àlọbọ̀ tí ìbá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 127 yóò gba nǹkan bí 133. Epo ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú táńkì kí bàálù tó gbéra.

Lóde òní, GPS ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, kò sì ní ìṣòro ìdagẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ kò lágbára, ó sì rọrùn láti dí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ òfurufú Amẹ́ríkà kò fi pa DME tì.