Òpópónà Hastings àti Ohun tí Detroit Ń Rántí

Ìlú Detroit wà ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní agbègbè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Midwest. Àwọn Faransé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1701, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá, débi pé 1,849,568 ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 1950. Nígbà tí ó fi di 2020, àwọn tí ó kù kò ju 639,111 lọ. Ìlú tí èrò inú rẹ̀ fà sẹ́yìn tó báyìí kò lè ṣàìpàdánù ilé, ọjà àti gbàgede eré, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń rántí àwọn ibi tí ó ti lọ wọ̀nyí kò rí bákan náà rárá.

Ilé ìtajà Hudson's, tí ó wà ní òpópónà Woodward, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú náà kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. J. L. Hudson dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ní 1881, ó sì gbòòrò títí ó fi di ilé alájà 25 tí ènìyàn ti lè ra aṣọ, àga àti ohun ìṣeré ọmọdé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Wọ́n tì í pa ní 1983, wọ́n fi ohun abúgbàmù wó o ní Oṣù Kẹwàá 1998, ilé gogoro mìíràn sì ti dìde sórí ilẹ̀ náà. Dídùn ni ìrántí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ìtajà yìí fi ń gba owó lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú láì gbà á síṣẹ́ òǹtajà. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Michigan Central ṣe oríire ju èyí lọ: ọkọ̀ ìkẹyìn kúrò níbẹ̀ ní 1988, ó di ahoro, kí ilé iṣẹ́ Ford tó rà á ní 2018, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2024.

Òpópónà Hastings kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Òun ni ojú ọ̀nà tí ó la àdúgbò Black Bottom kọjá, níbi tí àwọn Júù tí ó ṣí wá láti Yúróòpù ti kọ́kọ́ ń tajà, kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń sá fún ìnira ìpínlẹ̀ gúúsù tó wọ́ dé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn ní ìlú náà ní ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí ó kà á léèwọ̀ láti ta ilé fún aláwọ̀ dúdú, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1948 pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ fi ipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Nítorí náà ni olówó, òtòṣì, dókítà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe jọ há mọ́ ojú kan. Ibẹ̀ ni Joe Louis, akànṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, gbé nígbà èwe rẹ̀. Ní òpópónà Hastings náà ni ṣọ́ọ̀ṣì New Bethel wà, níbi tí Joe Von Battle, ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù àwo orin ní òpópónà náà, ti ń gba ohùn ìwàásù pásítọ̀ ibẹ̀, C. L. Franklin, sílẹ̀ láti tà á bí àwo. Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ gba ohùn olórin Aretha Franklin, ọmọ pásítọ̀ náà, sílẹ̀ ní 1956, nígbà tí ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 14.

Òfin ilé gbígbé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1949 fún àwọn ìlú lówó láti wó àdúgbò tí wọ́n bá kà sí jákujàku, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní ìsọdọ̀tun ìlú. Detroit wó Black Bottom, ó fi apá kan ilẹ̀ náà sílẹ̀ lásán fún ọdún púpọ̀, kí ilé ìgbàlódé tí Mies van der Rohe yàwòrán rẹ̀ tó hù níbẹ̀. Òpópónà Hastings ní tirẹ̀ kò di ilé rárá: wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wọlé, wọ́n sì fi ọ̀nà márosẹ̀ dípò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí apá kan rẹ̀, tí à ń pè ní I-375, ní 1964. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà han ọmọ rẹ̀ yóò máa na ọwọ́ sí òfuurufú tí ó wà lókè ọ̀nà ọkọ̀.

Síbẹ̀, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹ̀rí sílẹ̀ láìmọ̀. Kí ó tó gba àwọn ilé náà, ó rán àwọn ayàwòrán jáde ní 1949 àti 1950 láti ya wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ gbígba ilẹ̀ náà, àwọn fọ́tò náà sì wà ní ilé ìkàwé ìlú Detroit títí dòní. Wọ́n ti tò wọ́n pọ̀ fún àfihàn ní ìtẹ̀léra bí ilé ṣe tẹ̀lé ilé ní àdúgbò, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn arúgbó lè tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń wọlé nígbà kan rí.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là láti fi sọ I-375 di ọ̀nà ojú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn lórí ẹni tí ilẹ̀ tí yóò ṣẹ́ kù yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń béèrè pé kí ó padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ Black Bottom. Ẹ̀tọ́ wọn ṣe kedere, àmọ́ ayálégbé ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wọn, kò sì sí ìwé ilẹ̀ kankan tí ó gbé orúkọ wọn.