Owó Ọdún Kérésìmesì: Kí Ni A Ó Jẹ Ní Oṣù Kìn-ín-ní?

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń tán lọ, ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọjà ti í rí ní Balógun l'Ékòó àti ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn. Aṣọ àti bàtà ọmọdé ni í kọ́kọ́ tà, nítorí kò ní í pẹ́ tí télọ̀ yóò fi sọ pé òun kò gba aṣọ mọ́. Ìrẹsì àti òróró a tẹ̀lé e. Adìyẹ ni í kẹ́yìn, nítorí ta ni yóò ra adìyẹ sílẹ̀ kí ó tún máa wá oúnjẹ fún un?

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń rajà ti yàtọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, nǹkan kò rí bákan náà mọ́. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, iye owó ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Nígbà Kérésìmesì ọdún náà, àpò ìrẹsì kan wọ́n ju 70,000 náírà lọ, èyí tí í ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Nítorí náà ni ènìyàn mẹ́rin fi ń dá owó jọ láti pín àpò kan, tí àwọn mìíràn sì ń ra kóńgò mẹ́ta péré. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe jókòó ti odidi àpò. Ẹ gbé kóńgò síta, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú o! Oníbàárà ti mọ ọgbọ́n yẹn.

Ẹ̀yin tíṣà, ọ̀rọ̀ yín ni ó kàn. Bí a bá tètè san owó oṣù nítorí ọdún, inú ẹni a dùn. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: láti ogúnjọ́ oṣù kejìlá dé ọjọ́ tí oṣù kìn-ín-ní parí, ọjọ́ 42 ni. Ẹni tí ń gba 70,000 náírà kò ní tó 1,700 náírà lójúmọ́, kí ó tó ra ohun ọdún rárá, kí ilé ìwé tó wọlé, kí wọ́n tó béèrè owó sáà kejì lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwìn ọdún fi burú. Ìyá tí ó ta ọjà láwìn ní oṣù kejìlá yóò máa wá onígbèsè kiri ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí onígbèsè fúnra rẹ̀ ń wá ohun tí yóò jẹ. Ó sàn kí oníbàárà ti máa dá owó fún alájọ láti oṣù kejì. Ẹni tí ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ yóò rí 29,000 gbà nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, nítorí owó ọjọ́ kan ni ti alájọ.

Àwọn tíṣà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tún ní ọ̀nà mìíràn: ẹgbẹ́ a ra ìrẹsì àti òróró pọ̀, a sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi akọ̀wé bóyá oṣù kìn-ín-ní ni yíyọ náà yóò bẹ̀rẹ̀, tàbí oṣù kejì.