Ẹ́ńjìnnì ti yí padà: Kílọ́ọ̀ṣì wo ló yẹ bọ́ọ̀sì akérò?

Bí oníbọ́ọ̀sì akérò bá fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù rọ́pò ti àtijọ́, tó fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bó ṣe wà, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ á fi padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá jáde, owó kò wọlé nìyẹn.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún gíà. Bí agbára náà bá ju èyí tó lè dì mú lọ, yóò máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní sáré, òórùn nǹkan tó ń jó á sì máa jáde.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè iye Nm tí ẹ́ńjìnnì tuntun ń gbé jáde. Bó bá jẹ́ 300 Nm, kílọ́ọ̀ṣì tó lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe èyí tó le jù ló dára jù. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ìdíje tí wọ́n fi seramiiki ṣe máa ń gbá mú lójijì; nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìnira ni fún awakọ̀ àti èrò.

Bí wọ́n bá ti sọ gíà kalẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ díìsì, pléètì tó ń tẹ̀ ẹ́ àti bíárìn pa pọ̀, kí oníbọ́ọ̀sì má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.