Nígbà Tí Òṣùwọ̀n Bá Ń Parọ́

Ẹ wo áyọ́ọ̀nù ilé yín. Tó bá gbóná dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, iná rẹ̀ á kú. Tó bá tutù, á tún tàn. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọn ooru, tó sì ń jábọ̀. Irú àbọ̀ yẹn ni ìpìlẹ̀ cybernetics, ẹ̀kọ́ tí Norbert Wiener, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lé lórí lọ́dún 1948. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "atukọ̀" ló ti fa orúkọ náà yọ.

Stafford Beer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e wọ iléeṣẹ́. Lójú tiẹ̀, iléeṣẹ́ dà bí ara èèyàn: ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ń gbèrò, iṣan ń gbé ìròyìn láàárín wọn. Ìjọba Chile pè é lọ́dún 1971, wọ́n sì fi telex so àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pọ̀. Bí nǹkan bá yíwọ́ níléeṣẹ́ kan, wọ́n á fún àwọn tó wà níbẹ̀ láyè láti tún un ṣe. Bí àsìkò bá kọjá, ìkìlọ̀ á lọ bá ọ̀gá tó wà lókè wọn. Nígbà táwọn ológun gbàjọba ní September 1973, iṣẹ́ náà dúró.

Kí ló kàn wá n'Ìkẹjà? Bí mo ṣe ń ka Beer fún iṣẹ́ másítà mi, Cadbury Nigeria ló ń wá sí mi lọ́kàn, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Bournvita l'Ágídíngbí. Ní ìparí 2006, wọ́n kéde pé ìṣirò owó wọn ti ní àbùmọ́ fún ọdún mélòó kan. PwC ṣèwádìí: àbùmọ́ náà wà láàárín bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà. Ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ìṣúná pàdánù iṣẹ́ wọn. Lára ohun tí àjọ SEC kà sílẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní trade loading: kí iléeṣẹ́ máa rọ́ ọjà da sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ju èyí tí wọ́n lè tà lọ, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bíi títà.

Ẹ fojú cybernetics wò ó. Ẹnu géètì ni òṣùwọ̀n wà, kò dé ọjà. Páálí tó kúrò ní Ìkẹjà ti di "títà" nínú ìwé, bó tilẹ̀ ń gba eruku ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ágége. Awakọ̀ tó gbé e lè mọ̀. Ìyá tó ń tajà náà lè mọ̀. Ìmọ̀ yẹn ò sí nínú ìṣirò tẹ́ni tó fẹ́ ra ìpín ìdókòwò ń kà, owó rẹ̀ ló sì ń fi sílẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ṣe IT lágbègbè Ọba Àkran, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni wọ́n ń wọ̀n? Ta ló ń gbé àbọ̀ náà lọ sókè? Bí ìròyìn burúkú bá dé, ṣé ẹni tó máa bà lórúkọ jẹ́ nìkan ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, áyọ́ọ̀nù yẹn á jó aṣọ.