Irun Ológbò Kọ́ ni Ara Ń Kọ̀

Ní Òkìtìpupa, ẹni tó bá ní àpò gààrí tàbí púpúrú nílé mọ ìdí tí a fi ń sin ológbò: nítorí eku ni. Ibà Lassa tó ń pààyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tún ti mú kí ọ̀rọ̀ eku le sí i. Àjọ WHO pàápàá ka ológbò sísìn mọ́ ohun tí a fi ń dènà eku nínú ilé. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ti ṣe é bí ọmọ yín bá ń sín, tí ojú ń yún un, tí àyà rẹ̀ ń dún fée bí ológbò bá ti wọlé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ẹ wá irú èyí tí irun rẹ̀ kì í re. Irun kọ́ ni ọ̀tá.

Ohun tí ara ń bá jà jù lọ ni èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fel d 1. Ó wà nínú itọ́ ológbò, ó sì tún ń jáde láti ara awọ rẹ̀. Bí ológbò ṣe ń lá ara rẹ̀, ó ń fi itọ́ kun irun. Bí itọ́ bá gbẹ, òun àti awọ tó ń rún á fò sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ń lẹ̀ mọ́ kọ́tínnì, fóòmù àti aṣọ, débi pé a máa ń bá a nílé tí ológbò kò dé rí. Irun kàn ń gbé e kiri bí ọ̀kadà ṣe ń gbé èrò ni. Bí kò bá sí ọ̀kadà, èrò á fẹsẹ̀ rìn.

Ìdí nìyẹn tí Sphynx, ológbò tí kò nírun, fi ń mú ẹlòmíràn sín. Kò tíì sí irú ológbò tí a fi ẹ̀rí hàn pé kò ní Fel d 1 rárá. Wọ́n máa ń yin Siberian ti Rọ́ṣíà àti Balinese, ṣùgbọ́n láàárín irú kan náà, ti ọ̀kan lè pọ̀ ju ti èkejì lọ fíìfíì. Ní 2006, Allerca, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kéde ológbò tí kò ní dá ẹnikẹ́ni láàmú, ní nǹkan bíi 4,000 dọ́là ọ̀kan. Kò gbé ẹ̀rí kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ mìíràn lè yẹ̀ wò.

Nítorí náà, ológbò ìbílẹ̀ tó wà ládùúgbò yín ti tó láti yàn. Abo ni kí ẹ mú, tàbí akọ tí dókítà ẹranko ti tẹ̀ lọ́dàá, nítorí akọ tí a kò tẹ̀ ni Fel d 1 rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Kí ẹ tó gbà á, kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ológbò lọ jókòó tì í nílé olówó rẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ má ṣe yára dá ológbò lẹ́bi, o. Òjò àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ń jẹ́ kí ògiri hu, ó sì ń bọ́ kòkòrò tín-ín-tìn-ín inú fóòmù. Ohun tó ń hu lára ògiri, kòkòrò yìí àti aáyán náà ń múni sín. Àyẹ̀wò awọ ara nílé ìwòsàn ńlá lè fi èyí tó jẹ́ hàn. Bí ẹ bá sì ti gbé ológbò kúrò, ohun tó fi sílẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan nínú ilé, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìdájọ́.

Bí ológbò yóò bá dúró, kó má wọ yàrá tí a ń sùn. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ tó ń gbé eruku sókè, ẹ máa fọ aṣọ ibùsùn, ẹ sì ṣí fèrèsé. Ilé ìdáná àti ibi tí gààrí wà ni eku ń wá. Ibẹ̀ náà ni kí ológbò máa sùn. Bí àyà ọmọ bá ṣì ń há, ẹ fún ẹlòmíràn ní ológbò náà, kí ẹ sì da gààrí sínú ike tó ní ìdérí líle.